Àpótí ìfọmọ́tò tí bàbá yín fi sílẹ̀: èwo ni kí ẹ tọ́jú, èwo ni kí ẹ dànù?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ti di olóògbé. Nígbà tí mo ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, mo rí àpótí onígi tí wọ́n máa ń kó ohun ìfọmọ́tò wọn sí: agolo ìda pẹlẹbẹ méjì, ìgò pọ́líṣì, ìgò kan tí wọ́n fi ń yọ àbààwọ́n lára ìjókòó, awọ ṣámì, fóòmù, àti àkísà tí wọ́n gé lára síńgílẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń gbé korobá tẹ̀lé wọn ní àárọ̀ Sátidé. Mo kó gbogbo rẹ̀ jáde, mo fọ ọkọ̀ dúdú tèmi bí wọ́n ṣe ń fọ tiwọn gẹ́lẹ́. Nígbà tí oòrùn ràn sí i, bọ́nẹ́ẹ̀tì kún fún ìlà wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Ṣé àṣìṣe ni bàbá mi ń ṣe ní gbogbo ọdún yẹn ni? Ọkọ̀ wọn pupa ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí, ojú rẹ̀ ti ṣá, ó ti ń dà bí ẹfun. Àárò àwọn Sátidé yẹn ń sọ mí, mi ò sì fẹ́ ju àpótí náà nù.

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ ire.

Ọ̀rọ̀ àṣìṣe yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí mo rí i pé òun ló ń dùn yín jù. Bàbá yín ò ṣe àṣìṣe. Ohun tí wọ́n ń ṣe bá ọ̀dà ara ọkọ̀ wọn mu rẹ́gí. Ọ̀dà tó wà lára tiyín ni kì í ṣe irú ẹ̀. Ọkọ̀ méjèèjì lè máa dán bákan náà lójú, ìtọ́jú wọn ò jọra rárá.

Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín dán an wò. Ẹ mú àkísà funfun tó mọ́, ẹ kán pọ́líṣì díẹ̀ sí i, kí ẹ fi ra kọ́lọ́fín kan lára ọkọ̀ pupa yẹn, bíi etí inú ilẹ̀kùn. Ẹ yí àkísà náà wò: ó ti pupa bí ẹni pé ẹ fi nu osùn. Ẹ wá ṣe bákan náà lára ọkọ̀ dúdú. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ fi gbogbo ọ̀sán ra á, àwọ̀ dúdú yẹn ò ní bá àkísà wá. Ìdọ̀tí díẹ̀ ni yóò gbé, ó tán.

Lára ọkọ̀ bàbá yín, àwọ̀ ló wà lókè pátápátá. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀, ó ń di ẹfun. Ẹni tó bá ń fi pọ́líṣì ra á ń bó èyí tó ti kú kúrò kí èyí tó ṣì wà láàyè lábẹ́ lè jáde. Lára tiyín, wọ́n kun àwọ̀ tán, wọ́n wá fi ọ̀dà mìíràn tí kò láwọ̀ bò ó, èyí tí àwọn péńtà ń pè ní kílíà. Láti àwọn ọdún 1980 ni èyí ti gbilẹ̀ káàkiri ayé. Kílíà ni ọwọ́ yín ń kàn, kì í ṣe dúdú. Kò sì nípọn: nǹkan bí 40 sí 50 máíkírónì ni, bẹ́ẹ̀ 1,000 máíkírónì ló wà nínú mìlímítà kan. Irun orí ẹyọ kan sábà máa ń nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ìwọ̀nba yìí ni èròjà tó ń gba oòrùn dúró wà. Ẹni tó bá ń fi pọ́líṣì oníyanrìn ra á lóṣooṣù ń ha ààbò yẹn dànù, tó bá yá, kílíà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, kò sì sí ìda tó lè dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàbá yín ti yé mi dáadáa. Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, ọ̀dà aláwọ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ó tó gbẹ. Ní 1923 ni iléeṣẹ́ kẹ́míkà DuPont àti iléeṣẹ́ ọkọ̀ General Motors ní Amẹ́ríkà gbé Duco jáde, ọ̀dà tí wọ́n fi èròjà kan tó ń jẹ́ nitrocellulose ṣe, tó ń gbẹ láàárín ìwọ̀nba wákàtí. Ọkọ̀ Oakland ni wọ́n kọ́kọ́ fi kùn. Àmọ́ irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ kì í dán fúnra rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló ń ra á dán, oòrùn á tún pa ojú rẹ̀, ọwọ́ á tún padà sí i. Ìdí nìyẹn tí Simoniz, iléeṣẹ́ tó ti wà ní Chicago láti 1910, fi ń ta agolo méjì tó ń bá ara wọn rìn: ọ̀kan láti bó ojú tó kú, ọ̀kan jẹ́ ìda tí a ó fi bò ó. Àwọn agolo méjì tí ẹ bá nínú àpótí yẹn, ó dá mi lójú pé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹ ka ara wọn dáadáa, ẹ óò rí i pé iṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Ìtàn kan tún wà tí mo fẹ́ràn. Ní àwọn ọdún 1940, Ben Hirsch ní Chicago kan náà ṣe pọ́líṣì olómi kan tó pè ní Plastone, èyí tó wá di Turtle Wax lẹ́yìn náà. Bí iléeṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́, Hirsch máa ń lọ síbi tí wọ́n páàkì mọ́tò sí, á fi pọ́líṣì ra fẹ́ńdà kan ṣoṣo lára ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, á wá dúró de olówó ọkọ̀. Nígbà tí onítọ̀hún bá dé, tó rí fẹ́ńdà kan tó ń kọ mọ̀nà láàárín ọkọ̀ tó ti ṣá, ara rẹ̀ ò ní gbà á kí ó má ra ìgò kan. Ẹ gbìyànjú irú ẹ̀ lónìí lára ọkọ̀ oníkílíà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, bóyá ni olówó rẹ̀ á fi mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan. Ọ̀dà tó ń kú tó sì ń jí ni àwọn bàbá wa bá lò. Ẹ̀rí wà lójú wọn ní gbogbo Sátidé pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣe nǹkan.

Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni àárò tó ń sọ yín ti ń wá. Ó ń sọ èmi náà. Lọ́dọ̀ ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́, kọ́bọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń fi ṣí ìdérí agolo ìda. Wọ́n á ti etí rẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n á yí ọwọ́, ìdérí á dún pó, òórùn á sì gba gbogbo ibi tí a wà. Òórùn yẹn, epo tí wọ́n fi yọ́ ìda ni. Ìda tó le jù nínú rẹ̀, carnauba, ara ewé igi ọ̀pẹ kan tó ń hù ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsíl ni wọ́n ti ń gbọ̀n ọ́n. Ewé náà ń fi bo ara rẹ̀ kí ọ̀gbẹlẹ̀ má baà fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ó le débi pé ó gbọ́dọ̀ gbóná ju 80°C lọ kí ó tó yọ́, nítorí náà a ò lè fi òun nìkan pa nǹkan kan. Epo ló ń rọ̀ ọ́ fún wa. Ohun tí ẹ ń gbóòórùn rẹ̀ ni epo náà bó ṣe ń fò lọ, tó ń fi ìda sílẹ̀ lára ọkọ̀. Òfin tó ń dáàbò bo afẹ́fẹ́ ti dín irú epo bẹ́ẹ̀ kù ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìda tuntun kò fi rùn bí ti bàbá yín.

Ọ̀gá mi kì í sáré nídìí iṣẹ́ yìí. Wọ́n á fi ìka méjì gbé ìda díẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú àkísà, wọ́n á máa fi pa fẹ́ńdà ní yíyípo kéékèèké, ojú wọn á wà lókèèrè. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kàn dúró, wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ mi sí ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà, lẹ́yìn táyà. Mo fọwọ́ pa á, ó kúnná, àfi ibì kan tó ga díẹ̀ bí irorẹ́ tó fẹ́ sú sára. Ìpẹtà ni, tó ti ń bẹ̀rẹ̀ láti inú, tí ọ̀dà kò tíì la. Ojú ò lè rí i. Ohun tí ìfọ̀ ayé òde òní gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn, mo sì ka á sí àdánù ńlá: omi tí ẹ̀rọ ń fi agbára tú jáde máa ń fọ ọkọ̀ mọ́, kì í mọ ibi tó ti ń ṣàìsàn.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí pé kí ni kí ẹ tọ́jú nínú ìṣe bàbá yín, ìfọwọ́pa yẹn ni mo máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ìda náà ṣì dára lórí kílíà, bí kò bá ṣáà ti ní yanrìn nínú. Agolo tó jẹ́ ti ìbójú, tó ń ha, ni kò gbọ́dọ̀ kan ọkọ̀ dúdú yín mọ́ láéláé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó fa òwú aláǹtakùn yẹn o, torí ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ pọ́líṣì nìkan. Fóòmù ni mo fura sí jù. Ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ, nígbà tó bá gbé yanrìn, yanrìn náà ò ríbi wọ̀, àárín fóòmù àti ọ̀dà ni yóò wà tí ẹ ó máa fi yípo. Èmi náà ti ba ọkọ̀ oníbàárà jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Dúdú ni, bíi tiyín. Fóòmù bọ́ lọ́wọ́ mi, ó kanlẹ̀, mo ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, mo tẹ̀síwájú. Nígbà tí ọkọ̀ gbẹ, ìlà kan wà láti ìdí iná iwájú títí dé abẹ́ gíláàsì. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ṣàtúnṣe rẹ̀, mo sì lọ bá olówó ọkọ̀, mo ṣàlàyé fún un, mo tọrọ àforíjì. Láti ọjọ́ náà, ohun tó bá ti kanlẹ̀ lọ́wọ́ mi kò tún kan ọ̀dà mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Korobá kan ni bàbá yín ń lò. Ẹ lo méjì. Ọ̀kan nínú wọn ní ọṣẹ, èkejì jẹ́ omi lásán. Ẹ kọ́kọ́ fi omi púpọ̀ ṣan gbogbo ara ọkọ̀ kí eruku tó rọrùn láti jábọ́ ti lọ. Lẹ́yìn náà ẹ ki ìbọ̀wọ́ ìfọkọ̀ onírun sínú ọṣẹ, ẹ fọ ibì kan láti òkè wá sílẹ̀, ẹ ṣàn án nínú omi lásán kí ó tó padà sínú ọṣẹ. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wo ìsàlẹ̀ korobá omi lásán. Gbogbo yanrìn tí ẹ rí níbẹ̀, lára bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ìbá wà. Táyà àti wíìlì ní àkísà tiwọn lọ́tọ̀.

Awọ ṣámì ńkọ́? Láyé àtijọ́, awọ ẹran ìgbẹ́ orí òkè ilẹ̀ Yúróòpù kan ni. Nígbà tó yá ó di awọ àgùntàn tí wọ́n fi òróró ẹja ṣe. Ó ń fa omi dáadáa, àmọ́ àléébù fóòmù ló ní: pẹlẹbẹ ni, kò ríbi fi yanrìn pa mọ́ sí. Ẹ fi sílẹ̀ fún gíláàsì, ibẹ̀ kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́, òróró rẹ̀ á lọ, á gan bíi pákó. Fún ara ọkọ̀, ẹ ra aṣọ microfibre. Iléeṣẹ́ Toray ní Jàpáànì ló la ọ̀nà irú òwú yẹn ní 1970. Ó tín-ín-rín débi pé bí ẹ bá na ẹyọ kan tó 9,000 mítà, kò ní wúwo tó gíráàmù kan. Àárín àwọn òwú wọ̀nyẹn ni yanrìn ń kó sí dípò kó máa ha ọ̀dà. Àkísà síńgílẹ́ẹ̀tì bàbá yín ò burú, ẹ kàn gé ojú rírán rẹ̀ kúrò, kí ẹ máa fi nu etí ilẹ̀kùn àti bọ́ńpà onírin.

Ọ̀rọ̀ bọ́ńpà onírin rán mi létí ọgbọ́n àtijọ́ kan tí kò tíì sí èyí tó borí rẹ̀. Bí irin dídán ọkọ̀ pupa náà bá ti dípẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rún bébà fadákà, bébà álúmíníọ́mù tí wọ́n fi ń wé nǹkan, ẹ rì í sínú omi, kí ẹ máa fi ra á jẹ́jẹ́. Álúmíníọ́mù rọ̀ ju króòmù tó ń dán lójú irin náà lọ, kò lè ha á. Ìpẹtà ni yóò kó lọ. Wáyà ìfọkòkò tí àwọn kan ń lò máa ń ha á, ìpẹtà mìíràn á sì gba ojú ìhà yẹn wọlé.

Kẹrosíìnì náà ní ibi tí mo ti gbà á láyè. Bí ọ̀dà dúdú títì bá ta mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ fi díẹ̀ sí àkísà, ẹ nù ún, ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ jìnnà sí iná. Fífi nu gbogbo ara ọkọ̀ kí ó lè dán, rárá. Dídán náà ò ní di ọjọ́ kejì, eruku ló sì ń pè. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun àti ọṣẹ ìfọbọ́ ń ṣí ìda kúrò ni. Bàbá yín ń fi ìda tuntun sí i ní gbogbo ìgbà, nítorí náà kò pa wọ́n lára. Ẹni tó ń fi ọṣẹ bẹ́ẹ̀ fọ ọkọ̀ tí kì í fún un ní ìda ń fi ìhòòhò rẹ̀ sílẹ̀ sóòrùn.

Àwọn kan máa ń fi epo bíréèkì pa táyà kí ó lè dúdú. Ẹ má ṣe é. Bó bá ta sí ọ̀dà, á rọ̀ ọ́ títí á fi wú kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó ń mú dáṣíbọ́ọ̀dù dán bíi dígí: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń ta sínú gíláàsì iwájú, awakọ̀ ò ní rí títì dáadáa. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ti tó.

Ìgò tí wọ́n fi ń yọ àbààwọ́n lára ìjókòó, òun ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀. Carbon tetrachloride wà nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ láyé àtijọ́. Èémí rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, Amẹ́ríkà sì fòfin de títà á fún ìlò ilé ní 1970. Ẹ má ṣí i, ẹ má gbóòórùn rẹ̀, ẹ má dà á sílẹ̀ tàbí sí gọ́tà. Ẹ gbé e fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí olóró.

Ó wá ku ọkọ̀ pupa. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àpótí náà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí ọ̀pọ̀ ọ̀dà pupa àti yẹ́lò àtijọ́ ní òjé nínú. Ẹ má sì fi bébà oníyanrìn ha á ní gbígbẹ, kí eruku rẹ̀ má baà wọ imú yín. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tì í sábẹ́ ibòji, kí ara rẹ̀ tutù. Kí ẹ tó fi ohunkóhun tó ń ha kàn án, ẹ wá pọ́líṣì ọlọ́ràá tí kò ní yanrìn rárá, ẹ fi pa á kí ó rin ín, kí ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Ọ̀dà àtijọ́ tó ti gbẹ máa ń mu ún bí awọ ara ṣe ń mu òrí; ẹ óò rí i ní àárọ̀ pé pupa rẹ̀ ti jinlẹ̀ sí i. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò agolo ìbójú mọ́. Bí ẹ bá nílò rẹ̀, ẹ fọwọ́ fúyẹ́ mú un, ẹ sì dúró nígbà tí àkísà bá ń pupa jù, torí pupa tó bá ti bọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìda. Ẹ fi kọ́bọ̀ ṣí agolo náà. Bí inú rẹ̀ bá ṣì rọ̀, tó kúnná, ẹ lò ó. Bó bá ti sán bí ẹrẹ̀ inú ọ̀gbẹlẹ̀, epo rẹ̀ ti fò lọ, kò ní ṣeé nù kúrò lára ọkọ̀. Ẹ ra tuntun. Ẹ má gbé ti àtijọ́ kaná o, ó lè gbiná. Agolo òfìfo yẹn, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí.

Ẹ pa á ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìwọ̀n tí apá yín lè dé láìsún ẹsẹ̀. Tó bá ṣú funfun díẹ̀, ẹ fi ìka kan fà á: bí ìka bá kọjá tí ojú ọ̀dà mọ́ kedere, ó ti gbẹ; bó bá fà bí ọ̀rá, ẹ ní sùúrù. Ẹ nù ún, ẹ yí aṣọ sí ojú tó mọ́, ẹ tún un nù. Kí ẹ sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ òfìfo tẹ̀lé e, pàápàá ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà lẹ́yìn táyà. Ìda náà lè lò tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí òjò ò bá dì ní hóró-hóró mọ́ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó ń tẹ́ pẹrẹsẹ, àsìkò ti tó láti tún gbé e jáde ní àárọ̀ Sátidé.